Mo dín gáàsì kù sí ìdajì, ìlà FTIR ò dín kù sí ìdajì: ṣé ẹ̀rọ olówó gọbọi ni mo nílò ni?

Àdùkẹ́_Agbowó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń lé oorun kúrò lójú mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó ya wèrè.

Iṣẹ́ ìwádìí Másításì ni mò ń ṣe, ní Ìbàdàn níbí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mò ń wọ̀n, àwọn onípẹtiróòlù tí gbogbo ojúlé Agbowó máa ń tàn lálẹ́ bí NEPA bá ti mú iná lọ. Mo fẹ́ mọ iye CO (carbon monoxide, gáàsì olóró) tó ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ò gbé nǹkan kan, àti nígbà tó bá gbé fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù pọ̀. Ẹ mọ CO yìí: kò láwọ̀, kò lóòórùn, ojú oorun ló ti ń pa odidi ìdílé.

Láàbù wa ní FTIR kan, ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared (tí ojú kì í rí) gba inú nǹkan kọjá, tó sì ń fi èyí tí nǹkan náà gbé mì hàn. Ìyẹ̀fun egbòogi àti amọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi yẹ̀ wò, n kò rí ẹni tó fi wo gáàsì rí. Mo tú kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí cell gáàsì kan (ọ̀pá tí à ń rọ gáàsì sí kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá) tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó ní fèrèsé KBr (potassium bromide) kọ̀ọ̀kan lẹ́nu méjèèjì. Mo lọ ra tíúbù ọ̀kadà lọ́wọ́ fọkanáísà kan ní ọ̀nà Sángo, mo fún un pọ̀ títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi tán, mo wá fi rọ́bà so ó mọ́ páìpù bàbà lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ìta gbangba ni mo ti ṣe é o. Ìyá kan tó ń kọjá lọ ní ṣé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tún fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà báyìí ni.

Ohun tí mo rí nìyí. Ní agbègbè 2143 cm⁻¹ (nọ́ńbà tí a fi ń dá oríṣi infrared kọ̀ọ̀kan mọ̀), òkè méjì ló yọ, àfonífojì kékeré kan sì wà láàárín wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá dúró nísàlẹ̀ tó ń wo Màpó lápá kan, Òkè Àrẹ̀mọ̀ lápá kejì. Inú mi dùn, torí ìwé sọ pé ibẹ̀ gan-an ni CO máa ń jókòó sí. Èyí tó ga jù nínú méjèèjì jẹ́ 0.12 absorbance, ìyẹn òṣùwọ̀n bí gáàsì ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó. Mo wá fi afẹ́fẹ́ mímọ́ la gáàsì yẹn kó lè ku ìdajì. Ó yẹ kí n rí 0.06, àbí? 0.08 ni mo rí. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 0.08, 0.08, 0.081.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wò ó fìrí, wọ́n ní "High resolution lo nílò", ìyẹn ẹ̀rọ tó lè ya àwọn ìlà tó súnmọ́ra gan-an sọ́tọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo lọ wo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gùn ju Micra lọ! Owó rẹ̀ á kọ́ ilé sí Àkóbọ̀, á sì ṣẹ́kù fún ìṣílé.

Ṣé lóòótọ́ ni pé iṣẹ́ mi ti dòfo láìsí ẹ̀rọ yẹn? Kí ló dé tí ìdajì gáàsì ò fún mi ní ìdajì gíga? Ẹ sì bá mi wò ó, fèrèsé cell yẹn ti ń ṣú bíi dígí tí èèyàn mí sí. Ẹ̀rù ń bà mí, torí kì í ṣe tèmi.

Fíríìjì_Mọ́kọ́lá

Èmi ò mọ FTIR o, fíríìjì àti AC ni mò ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n àbúrò, tíúbù tó kún fún èéfín jẹnẹrétọ̀, ibo lò ń gbé e sí mọ́jú? Má gbé e wọ yàrá o. Tó bá lọ jò lóru, ìwọ gan-an lo máa di ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Bàbá_Láàbù_ÒkèÀdó

Ọmọ mi, o kú làálàá. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ láàbù kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti rí oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ti tíúbù ọ̀kadà yìí, o gbà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti fèrèsé, torí òun ni iná ń jó lọ́wọ́. KBr tí ò ń wò yẹn, iyọ̀ ni. Kì í ṣe pé ó jọ iyọ̀, iyọ̀ ni, ọmọ ìyá iyọ̀ ọbẹ̀. Gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú infrared tí à ń wá kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi iyọ̀ ṣe fèrèsé. Omi sì lọ̀tá iyọ̀. Bí pẹtiróòlù bá jó, omi wà lára ohun tó ń dà; gbogbo ìgbà tí o bá rọ èéfín sínú cell yẹn, omi lò ń rọ sórí iyọ̀. Wá ọ̀pá gíláàsì kan, kó calcium chloride gbígbẹ, tó ń fa omi mọ́ra, sí i, fi òwú dí i lẹ́nu méjèèjì, kí èéfín gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé cell. Òwú yẹn á tún bá ọ gba ẹbu dúdú inú èéfín dúró. Èyí tó ti ṣú, wọ ìbọ̀wọ́, torí òógùn ọwọ́ náà omi ni, fi ethanol díẹ̀ pa aṣọ rírọ̀ lára, kí o rọra máa dán an ní yíyípo. Kò ní dà bíi tuntun, ṣùgbọ́n á ríran.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra fèrèsé fún ọ, sọ pé CaF₂ (calcium fluoride) lo fẹ́. Omi ò rí i gbé ṣe. Kò ní jẹ́ kí o rí nǹkan kan nísàlẹ̀ 1000 cm⁻¹ o, nítorí náà o máa pàdánù ìlà CO₂ tó wà ní 667, ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? CO wà ní 2143, CO₂ tún ní òmíràn ní 2349, méjèèjì á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Iyọ̀ wà nínú tiẹ̀ náà. Dígí aláàbọ̀ tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, KBr ni wọ́n fi ṣe é nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní ọdún kan, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, iná lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú oṣù kẹfà. Ẹ mọ bí oṣù kẹfà ṣe ń rí ní Ìbàdàn, bàtà nínú kọ́bọ́ọ̀dù á hu ewú. Nígbà tí iná dé, mo tan ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ detector (ojú tí ẹ̀rọ fi ń gba ìmọ́lẹ̀) kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí mo mọ̀. Mo ṣí i. Dígí yẹn ti funfun bí ojú arúgbó tí awọ ti bò. Silica gel inú àpò rẹ̀, tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, tó yẹ kó dúdú bí aró, ti di àwọ̀ osùn tó ti ṣá. Kò sẹ́ni tó yí i padà láti ìgbà ọyẹ́! Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń yọ ọ́, mo máa ń gbé e sínú ààrò láàbù ní 120 °C títí á fi padà di aró. Ààrò láàbù ni mo wí o. Kóbáàtì ló ń fún un láwọ̀, kì í ṣe nǹkan tí à ń gbé sí ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì. Mo dán an wò nílé lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí ìyàwó mi lé mi síta.

Ti ìdajì tí kì í ṣe ìdajì yẹn, mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: resolution mélòó lo fi ẹ̀rọ sí? Mo fi fìlà mi ta á, 4 ni.

Àdùkẹ́_Agbowó

Bàbá! 4 ni lóòótọ́. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè yí i. Ẹ ṣeun gan-an nípa ti fèrèsé, mo ti fi owó ọkọ̀ ọ̀la ra calcium chloride.

(Ẹ̀gbọ́n Fíríìjì, ẹ̀yìn ilé ni tíúbù ń sùn, lábẹ́ igi máńgòrò.)

Ará_Bẹ́ẹ̀rẹ̀_ní_Jámánì

Àbúrò, Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, otútù Jámánì ló gbé mi dè báyìí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ tó gùn ju Micra lọ yẹn, IFS 125HR ti ilé-iṣẹ́ Bruker ní Ettlingen, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ. Kì í ṣe idán.

Tiyín àti tiwa, bàbá kan náà ló bí wọn, ẹ̀rọ Michelson. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, dígí aláàbọ̀ tí Bàbá sọ pín in sí méjì. Ọ̀kan lọ bá dígí tó dúró sójú kan, èkejì lọ bá dígí tó ń rìn. Wọ́n padà wá pàdé. Bí dígí ṣe ń rìn ni ìmọ́lẹ̀ tó dé detector ń mọ́lẹ̀, tó ń ṣú, tó tún ń mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò gbogbo rẹ̀ di spectrum, àwòrán ìlà tí ò ń rí yẹn. Lésà pupa kékeré kan, 632.8 nm, ló ń ṣe rúlà tó ń ka ibi tí dígí rìn dé. Resolution ò ju èyí lọ: kí dígí tó dúró, báwo ni ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ kan ṣe fi gùn ju èkejì tó? Bí ó bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 gùn jù ú, o ní 1 cm⁻¹. Sẹ̀ǹtímítà 2, o ní 0.5. Bí o bá fẹ́ 0.001, mítà 10 ni. Ìdí tí tiwa fi gùn tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì lowó rẹ̀ wà: kí dígí rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n, nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Bí afunfèrè méjì bá ń fun ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, tí wọ́n bá fun ún fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, wàá ní fèrè kan ni. Jẹ́ kí wọ́n fun ún pẹ́, etí rẹ á gbọ́ bó ṣe ń mì wọ́ọ̀n-wọ́ọ̀n-wọ́ọ̀n, wàá mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Rírìn jìnnà dígí yẹn ni fífun pẹ́ fèrè.

Ó yá, CO rẹ. Kì í ṣe òkè méjì. Eyín òòyà ni. Mólékù CO ń gbọ̀n, ó sì tún ń yí bí òkòtó, eyín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó ń yí ní ìwọ̀n kan pàtó. Láti eyín kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi 3.8 cm⁻¹. Ìwọ fi ẹ̀rọ sí 4. Báwo ló ṣe fẹ́ rí àlàfo 3.8? Ńṣe ló fọwọ́ pa gbogbo eyín pọ̀, ó fi Màpó àti Òkè Àrẹ̀mọ̀ hàn ọ́. Àfonífojì àárín wọn kì í ṣe àṣìṣe ní tiẹ̀: bí CO bá gba ìmọ́lẹ̀ yìí, dandan ni kí ìyíyí rẹ̀ yára sí i tàbí kó falẹ̀ sí i, kò gbọdọ̀ wà bó ṣe wà, nítorí náà kò sí eyín kankan láàárín gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí nìyí. Nínú afẹ́fẹ́ lásán bí èyí tí à ń mí, eyín kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 0.13 cm⁻¹ péré. Tín-ín-rín ni. Bí CO inú èéfín rẹ bá tó ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè ṣe dáadáa, nínú cell sẹ̀ǹtímítà 10, eyín tó lágbára nínú wọn ti gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì ní àárín. Kò ku nǹkan kan fún un láti gbé mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ da eyín dúdú tín-ín-rín yẹn pọ̀ mọ́ àlàfo funfun tó yí i ká, ó ní "0.12", ìwọ náà rò pé àyè ṣì pọ̀. Fojú inú wo ògiri funfun tí wọ́n fa ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí. Láti orí Bower's Tower, wàá rí i bí eérú. Bí o bá tún ọ̀dà dúdú kùn lórí ìlà dúdú, ṣé eérú yẹn á ṣú sí i? Kò ní ṣú. Àfi kí ìlà fẹ̀ sí i. Ohun tí gáàsì rẹ ń ṣe nìyẹn: bí o bá ń fi kún un, àárín eyín ò lè dúdú ju dúdú lọ, etí rẹ̀ ló ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fífẹ̀ náà kò sì tẹ̀lé iye gáàsì, gbòǹgbò onílọ́po méjì rẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Gbòǹgbò ìdajì jẹ́ 0.71. Fi 0.71 sọ 0.12 di púpọ̀, 0.085 ni. Ìwọ rí 0.08. Ẹ̀rọ rẹ ò purọ́ fún ọ.

Ọ̀gá rẹ ò ṣì sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kúrú jù. Fi resolution sí 0.5, tàbí 1 bí ẹ̀rọ bá kọ̀. Lẹ́yìn náà, la gáàsì yẹn gan-an, bí ìlọ́po 30, kí àárín eyín má baà gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì mọ́. Kí o wá dán ìdajì wò. Má fi ti afẹ́fẹ́ lásán là á, náítírójìn gbígbẹ ló dáa. Náítírójìn kì í gba infrared yìí rárá, kò sì ní omi tó máa jẹ fèrèsé.

Bó bá jẹ́ pé 125HR ni mo gbé fún ọ ńkọ́? Kí o fi 0.001 wo ìlà tó fẹ̀ ní 0.13, bí ẹni gbé òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà lọ wọn iṣu ní ọjà Bódìjà ni. Ìgbà tí a bá fa gáàsì inú cell títí ìfúnpá rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yẹn ń wúlò. Nígbà náà, ìlà CO á sún di nǹkan bíi 0.005 cm⁻¹, eré sísá mólékù nìkan ló kù tó ń fẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń fi irú ẹ̀rọ yìí wo oòrùn láti wọn CO₂, methane àti CO inú òfuurufú, TCCON, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ní Park Falls ní Wisconsin, nǹkan bíi 0.02 làwọn gan-an ń lò. Mélòómélòó wá ni ẹnu sàlẹ́ńsà.

Lọ sí hitran.org. Ọ̀fẹ́ ni, orúkọ ni o kàn máa fi sílẹ̀. Gbogbo ìlà CO wà níbẹ̀, ibi tó wà àti agbára rẹ̀. Fi ṣe àfiwé pẹ̀lú tìrẹ.

Fíríìjì_Mọ́kọ́lá

Ẹ ní náítírójìn? Àwa oní-AC lẹ máa bi! Òun la fi ń dán páìpù wò bóyá ó ń jò, òun la sì fi ń fẹ́ ọ̀rinrin inú rẹ̀ dànù. Sílíńdà kan àti gééjì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò, gbé tíúbù wá, tíúbù TUNTUN o, kì í ṣe ti èéfín yẹn. N kò gba owó. Kí o ṣáà fi orúkọ Mọ́kọ́lá sínú ìwé rẹ.

Bàbá_Láàbù_ÒkèÀdó

Fìlà mi kù sí mi lórí. Jámánì, o ṣàlàyé dáadáa, ti ògiri yẹn wọ̀ mí lára.

Àdùkẹ́, bí o bá fi sí 0.5, á pẹ́ kó tó parí, ariwo inú spectrum á sì pọ̀ sí i. Má jẹ́ kó ká ẹ̀ẹ̀kan péré. Jẹ́ kó ká a nígbà 64, kí o jókòó jẹ ẹ̀pà.

Àdùkẹ́_Agbowó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́, ẹ má bínú. NEPA ni.

Lánàá ni gbogbo rẹ̀ wá bọ́ sí i. Mo gbà náítírójìn ní Mọ́kọ́lá (ẹ̀gbọ́n, àmàlà yẹn náà, ẹ ṣé). Sírínjì mílílítà 60 ni mo lò: èéfín 2, náítírójìn 58, mo gbá a pọ̀, mo gba inú calcium chloride rọ ọ́ sínú cell, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè jáde tán. Resolution 0.5, ìgbà 64. Mo jẹ ẹ̀pà lóòótọ́.

Bí àwòrán yẹn ṣe yọ, mo pariwo. Eyín òòyà! Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tò lọ sápá òsì àti sápá ọ̀tún, àlàfo funfun sì wà láàárín. Mo fi kọ́sọ̀ wọn eyín mẹ́wàá lápá kan: àlàfo wọn kì í ṣe bákan náà, wọ́n ń súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń lọ sókè, ṣùgbọ́n nítòsí àárín, 3.8 ni lóòótọ́. Èyí tó ga jù jẹ́ 0.06. Mo wá là á sí ìdajì. 0.031.

0.031! Mo pe ọ̀gá mi wá wò ó. Wọ́n dúró pẹ́ níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní "Ṣé ẹ̀rọ wa náà nìyí?"

Ìbéèrè kékeré kan ló kù. Nígbà tí mo wo èéfín tí n kò là rárá ní 0.5, mo rí àwọn eyín kéékèèké mìíràn láàárín àwọn ńlá, pàápàá lápá ìsàlẹ̀, ní 2060 lọ sí 2090. Mo rò pé omi ni, mo tún fi calcium chloride tuntun gbẹ ẹ́, wọn ò lọ. Kí ni wọ́n?

Ará_Bẹ́ẹ̀rẹ̀_ní_Jámánì

Hẹ̀n-ẹ́n! O ṣe bẹbẹ. Ìbejì CO nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún kábọ̀nì, bí 1 jẹ́ oníwúwo, kábọ̀nì 13. CO tó bá ní i máa ń gbọ̀n lọ́ra díẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀, nítorí náà òòyà tiẹ̀ sún sísàlẹ̀, àárín rẹ̀ wà ní 2096. Wo HITRAN, yan ¹³CO, gbé e lé tìrẹ lórí. Nínú èéfín tí o là, ó ti kéré jù láti rí. Nínú èyí tí o kò là, àwọn ńlá ti kún dé ẹnu, àwọn kéékèèké yẹn ni kò tíì kún. O lè fi àwọn gan-an wọn iye CO rẹ láìla gáàsì rárá. Fi ọ̀nà méjèèjì ṣe é, kí o wò ó bóyá iye tí wọ́n fún ọ bára mu.

Àdùkẹ́_Agbowó

Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, 2096 ló wà níwájú mi. Ó bára mu ní ìlà mẹ́fà. Ọ̀la ni màá fi ọ̀nà kejì ṣírò.

Mo gbé tíúbù àkọ́kọ́ padà fún fọkanáísà lónìí, mo ní bóyá á lè gbà á ní ìdajì owó. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, kí lẹ fi sè?"